Omnisexual àbí pansexual: èwo ni kéèyàn pe ara ẹ̀?

Àbúrò mi kan gbé búrẹ́dì sílẹ̀ lórí ẹ̀wà ní Láágèrè, Ifẹ̀ níbí, ó ní èwo gan-an lòun nínú méjèèjì. Ọkàn àwọn méjèèjì lè fà sí ọkùnrin, obìnrin àtẹni tí ò ka ara ẹ̀ sí ìkankan. Àmọ́ pansexual ò wo bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin rárá, èèyàn ló ń wò. Omnisexual ń rí i kedere, bó ṣe ń nífẹ̀ẹ́ obìnrin lè yàtọ̀ sí tọkùnrin, ó tiẹ̀ lè fẹ́ràn ọ̀kan jù, kò sì sí àléébù níbẹ̀. Pan rọrùn láti ṣàlàyé, omni ń gba àsọtúnsọ. Ewu wọn dọ́gba: òfin Nàìjíríà ti 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 síbi ìgbéyàwó ọkùnrin sọ́kùnrin, obìnrin sóbìnrin, torí náà jọ̀ọ́, ṣọ́ ẹni tó o máa sọ fún. Tó o bá ń kíyè sí ìyàtọ̀ yẹn, omni á bá ẹ mu. Tí kì í wá sí ẹ lọ́kàn, pan ni. Tí ò bá tíì yé ẹ, fi méjèèjì sílẹ̀ ná.