Amọ̀nà tó mú mi lọ wo òdòdó irúgbá ní Ṣábẹ

Owó irú ni ìyá mi fi tọ́ mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, síbẹ̀ n kò rí òdòdó igi irúgbá, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, rí títí di oṣù kejì ọdún yìí, tí mo san 3,000 fáráǹkì fún amọ̀nà kan ní Ṣábẹ, ní Benin níbẹ̀ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ló fi alùpùpù gbé mi jáde. A fi àwọn òkè olókùúta sẹ́yìn, ó dúró létí oko iṣu kan. Ewé igi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ dànù tán. Òdòdó pupa roboto ló kù, wọ́n rọ̀ dirodiro lórí ọrùn gígùn, àfi bí yẹtí. Ó já ọ̀kan lé mi lọ́wọ́: òdòdó wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ ló ṣù pọ̀ di ẹyọ kan! Omi dídùn inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi níka.

Amọ̀nà ní ká má tíì lọ. Ọlọ́run ló bá mi gbà á. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ni àdán dé, wọ́n ń so mọ́ òdòdó, wọ́n ń lá a, ìyẹ̀fun òdòdó ń lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n ń gbé e láti igi dé igi kí irúgbá lè so. Àṣé àdán ló ń bá ìyá mi ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Omi bọ́ lójú mi.

Amọ̀nà ò mú tọ́ọ̀ṣì dání, ìyẹn ò dáa. Ọ̀nà oko ṣókùnkùn gan-an nígbà tí à ń bọ̀. Ẹ mú tiyín lọ, kẹ́ ẹ sì lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.