Lẹ́ǹsì Àhámọ́-Fóònù fún Yíya Àwòrán Irúgbìn: Àgbéyẹ̀wò láti Àkúrẹ́

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mo ti ń lo lẹ́ǹsì kékeré kan tí wọ́n ń há mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù, èyí tí ó máa ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá, láti fi ya àwòrán irúgbìn lẹ́bàá ọ̀nà Ìdànrè àti lórí àwọn ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí ní Ọba-Ilé. Kòkòrò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi irú lẹ́ǹsì yìí yà, òun náà sì ni wọ́n sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí tí wọ́n bá ń yìn ín tàbí tí wọ́n bá ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Irúgbìn ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á fún iṣẹ́ yìí gan-an.

Irin ni ara lẹ́ǹsì náà, gíláàsì ni ojú rẹ̀, kílíìpù oníke kan, àpò kékeré àti aṣọ ìnujú sì bá a wá nínú páálí. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti lẹ́ǹsì tí wọ́n ń fi sí kámẹ́rà ńlá fún iṣẹ́ kan náà.

Orí abẹ́rẹ́ olóko ni mo ti rí ohun tí ó lè ṣe. Ẹni tí ó bá ti gba inú oko kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ irúgbìn dúdú yìí dáadáa, nítorí pé ṣe ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àti ìró títí ènìyàn yóò fi délé. Ojú lásán kò rí ju ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé lẹ́ǹsì yìí sún mọ́ ọn, mo rí ìlà tí ó fà gbọọrọ lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀, mo rí ẹ̀gún méjì tàbí mẹ́ta tí ó yọ lórí rẹ̀, mo sì rí àwọn ẹ̀gún mìíràn tí ó tún kéré sí ìyẹn, tí wọ́n tò sára ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn sì kọjú sẹ́yìn bí ẹnu ìwọ̀ ẹja. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń rọrùn fún un láti wọ inú aṣọ, tí yíyọ rẹ̀ sì máa ń le. Àwòrán yẹn mú ṣáṣá débi pé mo fi han àwọn ọmọ ilé wa, wọn kò sì gbà pé ohun tí wọ́n ń já kúrò lára aṣọ wọn lójoojúmọ́ ni.

Síbẹ̀, ibi tí ó ń mú ṣáṣá yẹn kò nípọn rárá. Ó di dandan kí ènìyàn sún mọ́ irúgbìn náà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, bẹ́ẹ̀ sì ni bí a bá ṣe sún mọ́ nǹkan tó ni ibi tí yóò hàn kedere ṣe ń dín kù. Ẹni tí ó ní kámẹ́rà ńlá lè dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kù kí púpọ̀ nínú irúgbìn náà lè hàn, ṣùgbọ́n ihò ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù kò ṣeé yí padà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń jẹ́ kí irúgbìn náà dùbúlẹ̀ gbalaja níwájú lẹ́ǹsì. Tí ó bá jẹ́ odidi ṣíírí ni, tí kò ṣeé tẹ́ sílẹ̀, mo máa ń ya àwòrán púpọ̀, kí n máa sún fóònù díẹ̀díẹ̀, kí n sì fi áàpù pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan.

Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ni ó fún mi níṣẹ́ jù. Irun funfun tí atẹ́gùn fi ń gbé irúgbìn rẹ̀ lọ máa ń pa pọ̀ nígbà tí ìrì bá wà lára rẹ̀, ó sì máa ń là nígbà tí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́. Àárọ̀ kùtùkùtù tí atẹ́gùn rọlẹ̀ kì í jẹ́ kí a rí ẹwà rẹ̀, ìgbà tí ó bá sì là tán ni atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń dìde. Mo ti ṣí agbòjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti dí atẹ́gùn, ó sì ṣiṣẹ́ díẹ̀. Èyí tí ó dára jù ni kí a rọra gé ẹ̀ka kan, kí a gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a sì yà á kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ya bọmubọmu nígbà tí èso rẹ̀ là. Kí a dín ìmọ́lẹ̀ kù lójú fóònù kí a tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo irun náà yóò di funfun báláú.

Ọyẹ́ tún ní oore tirẹ̀. Kùrukùru eruku rẹ̀ máa ń pa oró oòrùn, òjìji kì í sì le lára irúgbìn.

Kílíìpù rẹ̀ ni n kò lè yìn. Ó máa ń yẹ̀ tí mo bá dojú fóònù délẹ̀, ṣíṣí ni mo sì gbọ́dọ̀ ṣí ìbòrí fóònù mi kí ó tó lè dì í mú. Fóònù tí ó ní kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́yìn tún lè ṣàdédé bọ́ sórí èyí tí lẹ́ǹsì kò sí níwájú rẹ̀ nígbà tí a bá sún mọ́ nǹkan, nítorí náà, kí a wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìyípadà náà nínú ètò kámẹ́rà.

Kò wúlò fún èso arère tàbí ti afárá, nítorí pé ìyẹ́ wọn fẹ̀ ju ohun tí ó lè gbà lọ. Fóònù lásán tó wọn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ya wẹ̀rẹ̀pẹ̀, kí ó má ṣe lo lẹ́ǹsì yìí nínú igbó, nítorí sísún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ yóò fi irun èso rẹ̀ sí i lára.

Èmi yóò tún rà á bí èyí bá bàjẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ há a mọ́ fóònù yín nínú ìsọ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ mì í díẹ̀, kí ẹ sì ya ìlà ọwọ́ yín. Tí igun àwòrán náà bá ṣókùnkùn, kílíìpù náà kò bá fóònù yín mu.