Àpò PICS: Ẹ̀wà Tó Pé Oṣù Mẹ́jọ Láìsí Kòkòrò

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn kòrónà, ẹ̀wà tó wà nílé wa kò ju kóńgò mẹ́fà lọ, kòkòrò sì ti lu ìdajì rẹ̀ bí asẹ́. A da omi lé e, èyí tó ti dá lu léfòó, a sì bù ú dà nù lójú àwọn ọmọ tí kò tíì jẹun. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ohun tí mo lè fi kó oúnjẹ pamọ́ de ọjọ́ tí ọjà kò ní ṣeé ná, láìlo oògùn apakòkòrò, nítorí mi ò gbàgbé pé dichlorvos, oògùn apakòkòrò kan tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa, ló mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà Nàìjíríà lọ́dún 2015. Àpò PICS (Purdue Improved Crop Storage), àpò ìkó-oúnjẹ-pamọ́ tí afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọ̀, ni mo wá fàbọ̀ sí, ó sì ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lò ó.

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló pilẹ̀ iṣẹ́ náà ní Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹ̀wà gan-an ni wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe é. Ọ̀rá méjì tó nípọn ló wà nínú àpò kan: a óò da ẹ̀wà sínú ọ̀rá ti inú pátápátá, a óò tẹ afẹ́fẹ́ jáde, a óò lọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ, a óò ṣẹ́ ẹ padà, a óò sì fi okùn dì í le, kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rá kejì àti fún àpò ìta. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán. Kò ní lè jẹun, kò ní lè bí sí i, yóò sì kú.

Inú oṣù Kejìlá, tí ẹ̀wà tuntun pọ̀ lọ́jà, ni mo di ẹ̀wà olóyin 50 kílò, oṣù Kẹjọ ni mo tó tú u. Mo da ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan sórí atẹ: kòkòrò gbígbẹ bíi mẹ́rin ni mo rí, kò sí ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ àpò. Ìyá ẹlẹ́wà àdúgbò wa gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé n kò fi nǹkan kan sí i.

Àmọ́ àpò yìí kì í sá nǹkan gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀wà díẹ̀ àti iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò tó gbẹ, kí ẹ mì ín, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ̀wà náà kò tíì gbẹ tó, ẹ tún sá a sóòrùn. Bákan náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé, nítorí náà kò dára fún ẹ̀wà tí a ń bù lójoojúmọ́; èyí tí a óò jẹ lóṣù kan ni mo máa ń bù sínú ike onídèérí. Èkúté ló bá tèmi àkọ́kọ́ jẹ́, ẹ̀bi mi sì ni, nítorí mo fi í ti ògiri ilé ìdáná. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, ṣùgbọ́n a lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí kò bá ti lu.

Ohun tí àpò náà kò lè bá wa ṣe ni ti omi, ẹ̀wà 50 kílò tí kò sí omi tí a óò fi sè é kò sì yàtọ̀ sí òkúta. FEMA, àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn gálọ́ọ̀nù kan, bíi lítà mẹ́rin, fún ẹnì kan lójúmọ́. Márùn-ún ni àwa, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì gba lítà 280, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìlá. Mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ báyìí, nítorí ọ̀kan nínú àwọn tí mo rà ti gbé epo pupa rí, ọṣẹ kò sì tíì mú òórùn rẹ̀ kúrò.