Tirakítọ̀ gíga àbí èyí tó fẹsẹ̀ gbalẹ̀: èwo lẹ fẹ́ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá tirakítọ̀ tòkunbọ̀ fún oko lápá Ìdó àbí Àkìnyẹlé, mo ti ní irú méjèèjì rí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Ti agbára ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń tà á á kà á sí yín létí, mi ò dé bẹ̀.

Èyí tó ga, tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ra, ó dáa láàárín ebè àgbàdo torí kì í tẹ ewé mọ́lẹ̀. Owó ẹ̀ náà ò wọ́n. Èyí tó kúrú tó fẹ̀ wọ́n díẹ̀, ikùn ẹ̀ sì máa ń ha kùkùté.

Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè ni kẹ́ ẹ ti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan, dírébà mi ń fi èyí gíga gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọjá, tánkì oògùn koríko tó ti dé ìdajì wà lẹ́yìn ẹ̀, omi inú ẹ̀ ń dà síhìn-ín dà sọ́hùn-ún, táyà apá òkè wá gun kùkùté ọ̀pẹ, kí n tó ní "rọra" ó ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin àbò ẹ̀yìn ìjókòó àti bẹ́líìtì tó dè ni ò jẹ́ kó tẹ ọmọ ọlọ́mọ pa. Ọ́ìlì ti ṣàn wọ sìlíńdà, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, àsìkò àgbàdo kọjá lórí mi.

Ṣẹ́ ẹ rí i, iwájú tirakítọ̀ ń yí lórí ìdè kan láàárín ni, torí náà ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró: ìdè yẹn àti táyà ẹ̀yìn méjì. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù lóòótọ́, àmọ́ tí ojú ibi tí gbogbo ìwúwo ẹ̀rọ pé jọ sí bá ti yọ sẹ́yìn òde ààrò yẹn, ó ti ṣubú nìyẹn. Bójú yẹn bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni gẹ̀rẹ́ kékeré ti ń tó láti yọ ọ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi téèpù wọn àárín táyà ẹ̀yìn kan sí èkejì: tèmi tó ṣubú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 140, èyí tí mò ń lò báyìí jẹ́ 180. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn tírélà, ẹ wọn táyà iwájú nìkan, ẹ wọn gbogbo ẹ̀, ẹ fi gbogbo ẹ̀ pín ti iwájú, kẹ́ ẹ wá fi èsì ẹ̀ sọ gígùn táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn di púpọ̀. Kílò 900 nínú 2,500, gígùn mítà 2.2, ó fi hàn pé ojú ibi tí ìwúwo pé jọ sí yẹn wà ní sẹ̀ǹtímítà 79 níwájú táyà ẹ̀yìn. Tó bá kéré gan-an, imú ẹ̀ á máa gbé sókè tẹ́ ẹ bá ń fa nǹkan.

Tílẹ̀ yín bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹ lè ra èyí gíga, ẹ sún táyà ẹ̀yìn síta débi tó bá lè dé, ẹ má sì rà á láìní irin àbò. Tó bá lókè bíńtín pẹ́nrẹ́n, èyí tó fẹ̀ ni, èmi ò ní gbé dírébà kankan gun òmíì mọ́.