Èkó tàbí Paris: Àpéjọ Olólùfẹ́ Eré Wo Ni Kí Ará Àjàṣẹ́ Náwó Sí?

Àpéjọ àwọn olólùfẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe nǹkan àná. Lóṣù kìíní ọdún 1972, àwọn olólùfẹ́ Star Trek kóra jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni àwọn tó pè é ń retí, èrò tó lé ní 3,000 ló ya dé. Láti ìgbà náà ló ti di òwò. Ẹni tó bá wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó sì fẹ́ lọ rí i lójú ara rẹ̀ ní ọ̀nà méjì tó ṣeé rìn: kó gba bodè Igolo tàbí Sèmè kọjá sí Lagos Comic Con, tàbí kó wọ bàálù ní Kútọnu forí lé Paris. Ohun tí wọ́n ń tà níbi méjèèjì ò jọra rárá.

Kí lẹ máa rí?

Ayodele Elegba ló dá Lagos Comic Con sílẹ̀ lọ́dún 2012. Kì í ṣe ti eré kan ṣoṣo: ìwé ìtàn alàwòrán, géèmù, fíìmù àti eré àwọn ará Japan ló pọ̀ níbẹ̀. Landmark Centre ní Victoria Island ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún bíi mélòó kan. Ẹ má retí pé ẹ máa bá ìlú-mọ̀ọ́ká òṣèré Amẹ́ríkà níbẹ̀. Àwọn ayàwòrán àti akọ̀tàn tiwa lẹ máa bá. Ẹ lè dúró nídìí tábìlì ọ̀kan nínú wọn títí, kó máa fi bó ṣe ya ojú àti ọwọ́ hàn yín, kẹ́ ẹ sì fi Yorùbá tẹnu yín béèrè ohun tó wù yín.

Ti Paris pín sí méjì. Japan Expo, tí wọ́n máa ń ṣe ní Villepinte lóṣù keje, ni ọjà ńlá: ọjọ́ mẹ́rin, èrò tó lé ní 200,000. Ẹni tó fi Dragon Ball, eré Japan alàwòrán nì, lédè Faransé dàgbà ò ní fẹ́ padà sílé. Ìkejì ni àpéjọ eré kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n máa ń ṣe káàkiri Yúróòpù. Supernatural ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ: sáà 15, apá 327, ó parí ní 2020, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò yéé pé jọ nítorí rẹ̀.

Irú àpéjọ kejì yìí ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ owó yín. Tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé, ìjókòó lásán ni. Òṣèré á wà lókè, ẹ̀yin á wà nísàlẹ̀, àwọn kan á béèrè ìbéèrè. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a ya fọ́tò, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó buwọ́ lu àwòrán fún yín, owó ọ̀tọ̀ tún ni. Fọ́tò náà sì rèé: ìlà gígùn, ẹ ó gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ ó bọ́ sáàárín, kámẹ́rà á tàn yẹ̀rì, wọ́n á ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Ẹ lè má tíì parí "bonjour". Nídìí tábìlì ìbuwọ́lùwé, ó kéré tán, òṣèré á gbójú sókè béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ yín, ẹ ó sì ráyè sọ gbólóhùn kan. Bí owó yín ò bá ká méjèèjì, èmi ò ní ra fọ́tò.

Owó tí kò sí lára tíkẹ́ẹ̀tì

Ọmọ ECOWAS ò nílò físà láti wọ Nàìjíríà fún 90 ọjọ́. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tàbí páásípọ́ọ̀tì dání, kẹ́ ẹ má gbàgbé ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọ̀nà Badagry ló máa gbà yín lákòókò, nítorí àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà ò lóǹkà. Ẹ lọ sùn l'Ékòó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ará Kétu ní tiẹ̀ lè gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ. Náírà máa ń lọ sókè sódò sí séfà, nítorí náà ẹ má fi iye tẹ́ ẹ náà lọ́dún tó kọjá ṣírò tọdún yìí. Ẹ sì rántí pé láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, wọ́n ti bodè Sèmè pa.

Ti Paris rọrùn láti ṣírò, torí Euro kan kì í yẹ̀ kúrò ní 655.957 séfà. Ó kàn wọ́n ni. Físà Schengen jẹ́ 90 Euro, ìyẹn bíi 59,000 séfà, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn ò bá fún yín. Wọ́n tún máa béèrè adójútòfò ìrìn-àjò tó tó 30,000 Euro. Ẹ lè kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tó dáa máa ń tán kí físà tó jáde. Ẹ ka ìlànà ìdápadà owó kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí òṣèré ò bá lè wá, wọ́n sábà máa ń dá owó fọ́tò rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa dá owó bàálù yín padà.

Aṣọ

Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré ló máa ń múra bí ẹ̀dá inú eré lọ sí àpéjọ. Níbi tá a ti borí àwọn ará Yúróòpù rèé. Télọ̀ tó mọṣẹ́ ní Ouando á bá yín rán aṣọ ẹ̀dá inú eré láti inú fọ́tò orí fóònù, kò sì ní yà á lẹ́nu. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í bi èèyàn ìdí tó fi gbé agọ̀ wọ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn oníke, ẹ fi sílé. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní bá yín rẹ́rìn-ín.

Èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹni tí kò lọ irú ẹ̀ rí, Èkó ni kó kọ́kọ́ lọ. Kí mọ̀lẹ́bí tó wà níbẹ̀ bá a ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é gan-an, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó lórí WhatsApp. Paris yẹ ẹni tí físà ti wà nínú páásípọ́ọ̀tì rẹ̀, tó ní ẹ̀gbọ́n tó lè gbà á sílé, tó sì jẹ́ pé òṣèré kan pàtó ló fẹ́ rí. Bí kò bá pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó fọ́tò kan ṣoṣo ní Yúróòpù lè gbé ẹni méjì lọ sí Èkó.