Wàrà ìyá oníwàrà àbí ṣíìsì inú páálí: èyí tí ọmọ mi gbà

Ẹ̀yin ìyá ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ kú làálàá o. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lóṣù méje ni, látìgbà tó ti pé oṣù mẹ́fà la ti ń fún un ní ògì pẹ̀lú ọ̀dùnkún tí mo bá tẹ̀, ọmú ò sì dúró o, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò kúrò lára abọ́ mi mọ́. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní wọ́n máa ń fún ọmọ oṣù mẹ́fà ní ṣíìsì lọ́dọ̀ àwọn, mo ní ṣíìsì wo, ṣé èyí tó wọ́n bí ojú yìí?

Mo ṣáà lọ ra èyí tó ní igun mẹ́ta, tí wọ́n fi bébà fàdákà wé. Mi ò ní dárúkọ ìsọ̀ tí mo ti rà á. Iná ti lọ, páálí yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, mo wo déètì ẹ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ tó ń tajà ní "Àǹtí, kò sí nǹkan tó ṣe é." Mo délé, mo tọ́ ọ wò, háà, iyọ̀! Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ò gbọdọ̀ jẹ tó gíráàmù iyọ̀ kan lójúmọ́, kíndìnrín ẹ̀ ò tíì gbó. Èmi àti bàbá ẹ̀ la fi búrẹ́dì parí ẹ̀.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ìyá oníwàrà níwájú ilé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní àṣé ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó wà nínú ṣòkòtò. Ṣé wàrà kì í ṣe ṣíìsì ni? Mílíìkì màlúù náà ni, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á da omi ewé bomubomu sí i kó lè dì, wọ́n á wá bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi ẹ̀ ro, ẹ wò ó dáadáa, ojú apẹ̀rẹ̀ yẹn ṣì wà lára ẹ̀ bí ilà. Wọn kì í sábà fi iyọ̀ sí tútù ẹ̀. Èyí tí wọ́n ti dín tí wọ́n fi ata sí níbùdókọ̀, ẹnu àgbà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn bù ú fọ́mọ o, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n gbé mílíìkì yẹn kaná lóòótọ́, ta ló mọ̀ bó ṣe hó tó, mílíìkì tí ò jiná sì lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ wọlé, ká má tíì sọ ọwọ́ tó ti kàn án àti oòrùn tó pa omi ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tún un sè nínú omi híhó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ibi tí wàrà ti dáa ju ṣíìsì òyìnbó lọ nìyẹn, kì í yọ́, ńṣe ló kàn ń dúró gbọin, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ á máa dún fín-ín fín-ín lábẹ́ eyín. Líle yẹn náà lèmi ń bẹ̀rù, nítorí eyín méjì péré lọmọ ní, tí ẹ bá gé e ní gọ́bọ́gọ́bọ́ ó lè há a lọ́fun. Girétà tí mo fi ń rin ilá ni mo fi rin ín, mo pò ó mọ́ ọ̀dùnkún.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìwọ̀n orí síbí ni, àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ilé ìwòsàn lè wà ní ṣíṣí tí ara ẹ̀ bá kọ̀ ọ́. Mò ń wo ètè ẹ̀ bóyá á wú, mò ń wo ara bóyá á sú, bóyá á bì. Kò ṣe nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ fajúro bí ẹni tó jẹ orógbó, ó tu díẹ̀ jáde, ó fi ìka tẹ èyí tó bọ́ sílẹ̀, ó tún kó o padà sẹ́nu! Ìyá ọkọ mi ní ká ṣọ́ra, pé àtọmọ tó ń jẹ ẹyin àtèyí tó ń jẹ wàrà, olè ni wọ́n máa ń dà. Mo ní, "Ẹ̀ẹ́ gbọ́, Màámi, a ó máa ṣọ́ ọ." Omi wàrà tí wọ́n ní kí n fún un mu ni mi ò gbà, mílíìkì màlúù kì í ṣe mímu ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan.

Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tí mo yọ, nítorí pé kì í dé ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni, tí iná ò bá sí, ìrọ̀lẹ́ ló ti ń kan, àti pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé tí màlúù ò rí koríko jẹ, á kéré bí ọmọ ayò, owó á sì lé. Ìyá oníwàrà náà ti wá mọ ilé wa báyìí. Láná mo ní kó fún mi léènì, ó ní ọmọ lòun máa fún léènì, ó ki kékeré kan bọ inú ike mi, ó gbé igbá ẹ̀, ó lọ.