Fásitì ìjọba àbí ti aládàáni: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Tí èsì JAMB bá ti ń jáde, ìbéèrè kan náà làwọn òbí máa ń bi ara wọn: ṣé kọ́mọ yìí dúró de fásitì ìjọba ni àbí ká wá owó ká fi sí ti aládàáni? Mi ò ní máa sọ fún yín pé ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ, ẹ ti mọ ìyẹn. Fásitì ìjọba lèmi ti jáde, àbúrò mi ọkùnrin lọ ti aládàáni, èmi ni mo sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó iléèwé ẹ̀, torí náà mo ti rí ojú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti sítíráìkì kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ òbí sá fún ti ìjọba, wọn ò sì jẹ̀bi. Lọ́dún 2020, oṣù kẹta ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì ìjọba, ti bẹ̀rẹ̀, ó di òpin ọdún kí wọ́n tó dá a dúró. Ti 2022 náà, láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọmọ tó yẹ kó fi ọdún mẹ́rin jáde, ẹ lè máa wò ó títí ọdún kẹfà. Aládàáni kì í bá wọn lọ́wọ́ sí sítíráìkì, tí wọ́n bá ní ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin náà ni. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lẹ fẹ́ fi ṣèdájọ́, aládàáni ti borí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó le ju sítíráìkì lọ, táwọn òbí kì í sábà béèrè, ìwé àṣẹ kọ́ọ̀sì tọ́mọ yín fẹ́ lọ kà. Mi ò sọ ti iléèwé o, ti kọ́ọ̀sì ni mò ń sọ.

Àwọn èèyàn rò pé tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn fásitì, bá ti fún iléèwé láṣẹ, gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni NUC ń yẹ̀ wò lọ́tọ̀: èyí tó bá yege dáadáa, wọ́n á fún un ní ọdún márùn-ún kí wọ́n tó tún padà wá, èyí tó kù díẹ̀ káàtó á gba ọdún méjì kí wọ́n lọ tún ibi tó kù ṣe, èyí tó bá sì fìdí rẹmi, wọn ò gbọ́dọ̀ gba ọmọ tuntun síbẹ̀. Ẹ ò tíì délé o, torí àwọn iṣẹ́ kan tún ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Tó bá jẹ́ lọ́ọ̀, Council of Legal Education ni, àwọn ló ń bójú tó Law School, níbi tí ẹni tó ka lọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ lọ kó tó lè di lọ́yà, àwọn ló sì ń sọ iye ọmọ tí fásitì kọ̀ọ̀kan lè kó wá. Dókítà ní MDCN, nọ́ọ̀sì ní NMCN, àwọn apòògùn ní PCN, àwọn ẹnjiníà ní COREN. NUC lè ti fọwọ́ sí i kí ìgbìmọ̀ yìí máà tíì yọjú síbẹ̀ rárá.

Lọ́ọ̀ làbúrò mi kà. Lọ́jọ́ tá a lọ ṣe ètò ìwọlé ẹ̀, ìwé NUC wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn, wọ́n fi férémù àti gíláàsì sí i, obìnrin tó ń dá wa lóhùn tiẹ̀ dìde lọ fọwọ́ kàn án. Mo wá béèrè ti Law School, ó ní ẹ má mikàn, ó ti wà lọ́nà, kí sẹ́ẹ̀tì tiyín tó jáde á ti dé. Bí a ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn ní gbogbo ìpàdé òbí, ó wà lọ́nà, ó wà lọ́nà, owó iléèwé ò sì dúró de ohun tó wà lọ́nà yẹn, wọ́n ń fi kún un láti sẹ́ṣọ̀n kan sí èkejì. Ọmọ ṣe tán, èsì ẹ̀ dáa, orúkọ ẹ̀ ò jáde lára àwọn tó ń lọ Law School. Àṣẹ ti dé nígbà yẹn lóòótọ́, àmọ́ iye tí wọ́n fún wọn ò tó nǹkan, àwọn sẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú tí wọ́n ti há sílẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń kó lọ. Ló bá jókòó sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ láti sẹ́kọ́ńdìrì tó wà ní fásitì ìjọba, àwọn tí sítíráìkì ti dá dúró, wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n kọjá ẹ̀, wọ́n dé wíìgì, wọ́n ń ya fọ́tò, òun ń ṣe tíṣà níléèwé kan ládùúgbò. Sítíráìkì, gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ìjọba ń bá wọn ṣèpàdé, ó sì máa parí lọ́jọ́ kan. Tí ìwé àṣẹ bá há, kò sẹ́ni tó máa bá yín pariwo ẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń dá tiẹ̀ rù.

Ti ìjọba náà kì í ṣe mímọ́ pátápátá. Àwọn kan máa ń gba ọmọ ìṣègùn ju iye tí MDCN fún wọn lọ, tó bá yá wọ́n á ní kí àwọn kan lọ kà nǹkan míì, ọmọ á sunkún dákẹ́. Àmọ́ ẹ ro ti ọjọ́ orí wọn mọ́ ọn. UI ti wà láti 1948, Ifẹ̀ àti UNILAG bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, nígbà tí ó jẹ́ pé 1999 nìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn aládàáni àkọ́kọ́ láṣẹ, ìyẹn Babcock, Igbinedion àti Madonna. Àwọn aládàáni kan wà tí gbogbo ìwé wọn pé lónìí, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Kẹ́ ẹ ṣáà má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ lọ sórí sáìtì NUC, wọ́n kọ kọ́ọ̀sì tó láṣẹ síbẹ̀, ẹ wá orúkọ iléèwé yẹn àti kọ́ọ̀sì yẹn gan-an. Ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà lọ́tọ̀. Kẹ́ ẹ tún wá ọmọ méjì tó ti jáde níbẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n wà báyìí.

Ìyókù ò gùn. Ní ti owó, fásitì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́, àwọn owó kéékèèké tó rọ̀ mọ́ ọn lẹ máa san, kò sì kéré mọ́ báyìí. Ẹ̀yáwó NELFUND, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí òfin ẹ̀ jáde lọ́dún 2024, kò ní èlé, àmọ́ iléèwé ìjọba nìkan ló wà fún, ọmọ aládàáni ò lè gbà á. Ọ́sítẹ́lì aládàáni dáa jù, kò tiẹ̀ ṣeé fiwéra. Iná àti omi náà bẹ́ẹ̀. Kíláàsì wọn ò kún, lẹ́kítọ̀ á mọ orúkọ ọmọ yín. Ọmọ tó bá nílò kí wọ́n máa ṣọ́ ọ á rí ẹni ṣọ́ ọ, kò ní lè jáde ní géètì láìgbàṣẹ. Ní ti ìjọba, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá dúró kó tó pé ogún ọdún, àwọn tó bá sì jọ kàwé níbẹ̀ lẹ máa bá káàkiri gbogbo ọ́fíìsì tó bá wá iṣẹ́ lọ.

Bí èmi ṣe rí i rèé. Tó bá jẹ́ ìṣirò owó, kọ̀ǹpútà, mass comm, àwọn tí kò ní ìgbìmọ̀ tó lè dá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tówó sì wà nílẹ̀ dé ìparí, aládàáni á ṣe é, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan dẹ́rù bà yín. Tó bá jẹ́ lọ́ọ̀, ìṣègùn tàbí nọ́ọ̀sì, fásitì ìjọba tó ti pẹ́ lèmi á mú, kódà tí wọ́n bá ní kọ́mọ tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Tí aládàáni bá ṣì ń wù yín fún irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìwé ìgbìmọ̀ yẹn, èyí tó ní déètì àti iye ọmọ tí wọ́n fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ sì rí i lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó san acceptance fee, owó tẹ́ ẹ fi ń gba ààyè tí wọ́n fún ọmọ, torí wọn kì í sábà dá ìyẹn padà.